Iṣẹ́ Ṣeé Gbé Fúnni, Ojú Olówó Kò Ṣeé Gbé Fúnni

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, Àkókó, Ìpínlẹ̀ Òǹdó

Mo mọ̀ pé owó ni wákàtí tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, nítorí náà n kò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ wo ìyá tó ń yan gààrì ní Ọ̀kà. Kì í ra ẹ̀rọ nítorí ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀. Á bó o, á fọ̀ ọ́, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, á sanwó iye agbọ̀n tó gbé wá, á sì gbé e padà wálé láti yan án fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú agbada ni gààrì rẹ̀ ti ń yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kó ẹyìn lọ sí ẹbu tó sì sanwó ẹ̀rọ. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ á gé aṣọ, á rán an, ṣùgbọ́n á fi etí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹ̀rọ wífìn, á sì gbé agbádá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn. Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì kì í fọwọ́ kan wáyà. Rewáyà ló ń ránṣẹ́ pè. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí oníṣòwò gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kò wo ọjà wa dáadáa.

Ibi ìwé ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà. Ìyá yìí kan náà, tí kò jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ẹ̀gẹ́, ló máa ń jókòó ti ìwé owó orí tí kò yé e, tàbí kó gbé e fún ọmọ àbúrò rẹ̀ nítorí pé ọmọ náà mọ fóònù tẹ̀. Télọ̀ tó ń yẹ ihò bọ́tìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó ló máa fi orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lé ẹnì kan tí kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, á sì ní, "Bá mi ṣe ìwé ìjọba yẹn." Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀ láti gbé iṣẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni kejì gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì gbé ojú ara rẹ̀ lé e lórí. Àṣìṣe kejì yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé òun ló ń kó àwọn èèyàn tó ti ń ṣe dáadáa sínú gbèsè.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí àdìrẹ di òwò ńlá ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, aládìrẹ àti aláró kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹnì kan náà. Aládìrẹ ló ń ra aṣọ funfun, òun ló ń dì í tàbí kó fi ẹ̀kọ ya àrà sí i. Aláró ló ní ìkòkò, òun ló mọ bí omi eérú ṣe ń bá ewé èlú ṣiṣẹ́, òun ló mọ ọjọ́ tí aró pé. Aládìrẹ á gbé aṣọ lọ bá a, á sanwó rírẹ, á sì kó o lọ sọ́jà ní orúkọ ara rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí sódà àti aró òyìnbó wọ inú iṣẹ́ náà, wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní aṣọ ń ṣá, wọ́n ní ó ń tètè gbó. Aláké, ọba Abẹ́òkúta, fòfin de sódà àti aró òyìnbó náà, àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Ẹjọ́ wọn kọ́ ni mo wá dá lónìí. Ohun tó kàn wá ni pé ẹni tó ra aṣọ tó ṣá kò mọ aláró, kò sì ní wá a lọ. Aládìrẹ tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fúnni kò gbé ẹ̀bi rẹ̀ fúnni, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ṣe é jìnnà tó.

Ẹ rántí àwọn alájọ pẹ̀lú. Títọ́jú owó jẹ́ iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ àti ìfọkàntán, àwọn ìyá wa sì gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń gbà fún wàhálà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ka á sí olè nítorí ìyẹn. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Alájọ Ṣómólú, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Alphaeus Taiwo Olunaike, di ẹni àkàwé fún gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ pé: wọ́n ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín láìrò ó wò. Kẹ̀kẹ́ ló lè wọ àárín ìsọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí káàdì àjọ. Alájọ ní ìwé tirẹ̀, ẹni tó ń dá àjọ náà ní káàdì lọ́wọ́, a sì ń fàmì sí i lójú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó bá san. Owó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí olówó.

Nínú gbogbo ohun àtijọ́ tó kan ọ̀rọ̀ wa, èyí tó wú mi lórí jù ni òfin kan tó ti wà láti ayé ìjọba òyìnbó, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Nígbà náà, àwọn akọ̀wé máa ń jókòó lẹ́bàá ilé ẹjọ́ àti ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń bá aráàlú kọ lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé àdéhùn. Àwọn kan nínú wọn ń kọ ohun tí a kò rán wọn. Ìjọba kò lé àwọn akọ̀wé kúrò nílùú, nítorí pé iṣẹ́ wọn wúlò. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹni tó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sórí ìwé náà. Tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá máa tẹ̀ka tàbí kó fọwọ́ sí i, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti kà á fún un, òun sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó tó fọwọ́ sí i. Òfin náà ṣì wà, àwọn adájọ́ wa sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Mo gbà pé gbogbo wa ni òfin yẹn ń bá wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá di púrúǹtù níwájú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì tó tún un ṣe di púrúǹtù níwájú fọ́ọ̀mù owó orí. Lọ́yà di púrúǹtù ní ibi ìdáná búrẹ́dì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí èèyàn fọwọ́ sí ohun tí a kò kà fún un, láti ọwọ́ ẹni tí kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Wàyí o, èwo la ó gbé fúnni, èwo la ó fi sílẹ̀? Ní 1937, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Coase, béèrè ìbéèrè kan tó jọ ti ọmọdé: tó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ló ṣeé rà lọ́jà, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ òrùlé kan? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé rírà pàápàá ní owó tirẹ̀. Èèyàn á wá ẹni tó mọṣẹ́, á bá a dúnàádúrà, á ṣe àdéhùn, á tún máa ṣọ́ bóyá ó ṣe é bó ti yẹ. Tí owó gbogbo wàhálà wọ̀nyí bá ju ohun tí ìwọ fúnra rẹ ì bá ná láti ṣe é, máa ṣe é nílé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní 1991, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tó ń gbé Ìkàrẹ́, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kan wà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó, mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ láìka ìwé rẹ̀. Owó ọkọ̀ ni, ọjọ́ ọjà tó ṣòfò ni, ìpè fóònù tí wọn kò gbé ni, iṣẹ́ tí wọ́n bàjẹ́ tó gbọ́dọ̀ padà lọ ni.

Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé ohun tí oníbàárà torí rẹ̀ wá bá ọ kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Gígé aṣọ ni iṣẹ́ télọ̀. Tó bá ti gbé gígé fúnni, ẹni tó ń gé e fún un ni télọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tí kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́ ọn láéláé, tó sì jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ó lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, ìyẹn ni kí o fi owó wá ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìwé owó orí wà níbẹ̀, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ohun jíjẹ wà níbẹ̀, wáyà iná inú ilé ìdáná búrẹ́dì sì wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tó dà bí iṣẹ́ akáùntáǹtì tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀: kíkọ ohun tí o tà lónìí sílẹ̀ lónìí. Kò sí akáùntáǹtì kankan láyé tó lè bá ọ ṣe é, nítorí pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí o tà á. Ìwé àjákọ kan àti bírò ti tó. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ẹni tó jẹ ọ́, ẹni tí o jẹ. Bí o kò bá lè kọ ọ́, jẹ́ kí ọmọ rẹ kọ ọ́ lójú rẹ ní alaalẹ́, kó sì kà á sí ọ létí. Bí o kò bá kọ ìyẹn, kí ni ẹni tí o ń gbé ìwé lọ bá fẹ́ fi ṣírò? Á fojú bù ú ni, ìwọ á sì sanwó àfojúbù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Òfin náà sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ san owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí kankan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí ni ìyẹn ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èrè ni òfin ń sọ, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lè ta ọjà ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lọ́dún kí èrè rẹ̀ má tó nǹkan. Kí ló máa fi hàn pé èrè òun kò tó nǹkan? Ìwé ni. Níbi tí kò bá sí ìwé, òfin gba òṣìṣẹ́ owó orí láyè láti fi òye ara rẹ̀ bu iye tó tọ́ sí ọ. Òye ẹni tí kò mọ iye tí o ra àpò ìrẹsì ni yóò wá pinnu ohun tí o máa san. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé owó tí a ń san fún akáùntáǹtì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta tí a gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí ara ẹni ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, kì í ṣe owó àpọ́nlé. Òun ló ń sọ ìwé àjákọ yín di ọ̀rọ̀ tí ìjọba gbọ́dọ̀ fetí sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tí ẹ kò nílò fún yín. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 yọ àwọn kọ́ńpìnnì kéékèèké kúrò lára àwọn tó gbọ́dọ̀ gba aṣàyẹ̀wò ìwé owó: èyí tí ọjà títà rẹ̀ kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, tí dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, tó sì bá àwọn ìlànà yòókù mu. Ẹni tó bá ń dẹ́rù bà yín pé wọ́n á ti ilé iṣẹ́ yín pa nítorí àyẹ̀wò ìwé, ẹ bi í pé òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bi ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Iṣẹ́ akáùntáǹtì fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó bí a ṣe rò lọ́wọ́ àwọn èèyàn tiwa. Ní 1952 ni Akíntọ́lá Williams dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó jù lọ. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwé wọn wá bá a ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ojukwu, ìwé ìròyìn Azikiwe àti ilé iṣẹ́ àga Fawẹ̀hìnmi. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n mọ owó wọn kà. Wọ́n gbé ìwé fún ẹlòmíràn nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ojú tí kì í ṣe tiwọn rí i. Ní 1965 ni òfin dá ẹgbẹ́ àwọn akáùntáǹtì, ICAN, sílẹ̀, Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún ni pé tí ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún bá hùwà àìtọ́, ibì kan wà tí a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Lọ́yà náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó sì ní òǹtẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé tó bá kọ. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan lè mọṣẹ́ o, àwọn kan tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni ilé ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí orúkọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, CAC, kéde pé gbogbo àwọn tó ń ṣe POS gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 7 oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún un di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Níbi tí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn aṣojú máa ń pọ̀ bí eéṣú. Aṣojú tó dára wà, mo sì mọ iyì wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ni pé ẹni tó bá yín ṣe é á fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀ sí i, kó lè yá a. Lẹ́yìn ọdún méjì ó ti kó lọ sí Abújá, ó ti yí nọ́ńbà padà. Ẹ fẹ́ fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́, èyí tí òfin ní kí ẹni tó forúkọ òwò sílẹ̀ máa fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ẹ kò sì lè wọlé síbi tí orúkọ yín wà. Òwò yín ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ṣí ímeèlì tiyín. Ọmọ yín á bá yín ṣí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tiyín ni kó wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ wá orúkọ òwò yín fúnra yín níbi tí CAC ti ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn wo orúkọ tó wà lákọsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú ojúewé Facebook tí ọmọ kan ń bá yín bójú tó: kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ onílé. Ẹni tó bá ń ṣe gààrì alápò, epo tàbí omi inú ọ̀rá, tó gbé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fún aṣojú, kó má ṣe gba nọ́ńbà lẹ́nu lásán. NAFDAC ní àkójọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Greenbook, tí àwọn ọjà tó forúkọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ọjà rẹ kò bá sí níbẹ̀, má tẹ nọ́ńbà náà sára ọ̀rá. Tí wọ́n bá mú un, orúkọ tìrẹ ló wà lára rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ìforúkọsílẹ̀ náà ní gbèdéke, ọdún márùn-ún ni. Ẹni tó gbà á fún yín kò ní í pè yín tó bá fẹ́ parí.

Ibi tí mo ti rí ìpín iṣẹ́ tó dára jù nílẹ̀ Yorùbá ni Ṣómólú ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Ẹni tó gba iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́ oníbàárà lè máà ní ẹ̀rọ kankan. Ẹnì kan á ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn á ṣe pílétì, ẹ̀kẹta á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹrin á fi ọ̀rá dídán bò ó, ẹ̀karùn-ún á gé e, ẹ̀kẹfà á dì í, ní ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín àdúgbò kan. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹni tó gba iṣẹ́ náà ń bá a rìn láti ojúlé kan sí èkejì. Ó ń wo àwọ̀, ó ń ka iye bébà, kò jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan kó tó rí i. Ẹ̀yin tó ń fi iṣẹ́ páálí àti lébẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí Ṣómólú láti Ìkàrẹ́, tí ẹ kò lè máa rìn bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún. Fọ́tò orí WhatsApp kò tó, àwọ̀ fóònù kì í ṣe àwọ̀ bébà. Ẹ gba àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà náà padà, èyí tó ṣeé tún ṣe. Ẹ ti sanwó rẹ̀. Tí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí nọ́ńbà fóònù kan padà ni ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ibì kan tún wà tí a kì í rántí. Oníbúrẹ́dì tàbí ẹni tó ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọjà rẹ̀ kò ní láti dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oshòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yunifásítì sì wà nítòsí wa ní Àkùngbá àti Àkúrẹ́. NAFDAC ti fòfin de bromate nínú búrẹ́dì láti ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ oníbúrẹ́dì lè rà á láìmọ̀ nínú ìyẹ̀fun àfikún tí wọ́n tà fún un. Àyẹ̀wò kan lè dáàbò bo orúkọ tí o fi ogún ọdún kọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, ó sì ṣeé ṣe kí inú àwọn kan má dùn sí i. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Àkùngbá tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà àti òfin. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lò wọ́n. Wọ́n á fi òru méjì ṣiṣẹ́, ẹ ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi," ẹ ó fún wọn ní owó ọkọ̀. Ìyẹn kò dára. Ẹ kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́rọ ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀ kò ṣeé bínú sí, ẹni tí a kò sanwó fún kò ní í dáhùn nígbà tí wàhálà bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹbí ṣe rí: bí àna yín bá ba ìwé yín jẹ́, ta lẹ fẹ́ fi sùn? Bí a bá fẹ́ fún ẹbí níṣẹ́, kí a dá iye rẹ̀, kí a kọ ọ́, kí a san án, kí òun náà sì fọwọ́ sí ohun tó ṣe. Àdéhùn kò ní láti gùn. Ohun tí a fẹ́ kó ṣe, ọjọ́ tó máa parí, iye rẹ̀, ẹni tó máa gbé ìyà rẹ̀ tí kò bá dára, àti pé gbogbo ìwé wa á padà sọ́wọ́ wa. Ẹ san díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá rí i tó sì yé yín. Ẹni tuntun, ẹ kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ kékeré.

Ẹnì kan á wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Èmi tí mo ń ta tòmátì, níbo ni mo ti fẹ́ rí owó akáùntáǹtì?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, òun ló sì jẹ́ kí n rántí àwọn àgbẹ̀ kòkó. Láti 1907 ni àwọn àgbẹ̀ Agége ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe papọ̀ ohun tí apá ẹnì kan kò ká. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, ó pa á láṣẹ pé kí ìjọba rí i pé a yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tí kò lè ka lẹ́tà kan wá ní aṣàyẹ̀wò ìwé owó, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ńlá ti ní. Kì í ṣe nítorí pé ó lówó. Nítorí pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní in ni.

Mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. A ti ń dá owó fún ankara, fún ìsìnkú, fún àlejò pàtàkì. Kí ẹgbẹ́ kan gba akáùntáǹtì kan tó ní ìwé ẹ̀rí, láti oṣù kìíní títí di òpin oṣù kẹta, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àjákọ rẹ̀ wá bá a, kí ó jókòó tì í ní òun nìkan, kó kà á fún un ní Yorùbá, tàbí ní èdè ìlú rẹ̀ bó bá lè sọ ọ́, títí yóò fi yé e. Kó má ṣe gba owó orí ẹnikẹ́ni sọ́wọ́. Olúkúlùkù ni kó san tirẹ̀ ní báńkì, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Orúkọ akáùntáǹtì náà àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ICAN gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ìwé tó bá kọ. Kó má jẹ́ ẹbí akápò ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ mú ẹlòmíràn, kí ẹni tuntun lè wo ohun tí ti àtijọ́ ṣe. Tí ẹgbẹ́ kan péré bá gbìyànjú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, tí òmíràn gbìyànjú rẹ̀ ní Ọ̀kà, a ó ti rí iye tó máa ná ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, mo sì ti ṣe tán láti bá ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dìde jókòó láti kọ àdéhùn náà.